Bí mo ṣe wá eku Siamese abetí: àkọsílẹ̀ oṣù mẹ́rìndínlógún

Oṣù Kẹwàá 2022

Ọmọbìnrin mi ló fa gbogbo ẹ̀. Ní bí ọdún méjì sẹ́yìn ló ní òun fẹ́ sin eku. Mo ní, "Eku kẹ̀?" Èmi tí wọ́n tọ́ dàgbà ní Òṣogbo, tí eku ń jẹ ọṣẹ mọ́ wa lọ́wọ́ ní balùwẹ̀, tí ìyá mi ń dẹ pàkúté sẹ́yìn àpò ìrẹsì lálaalẹ́! Ṣùgbọ́n ọmọ ti gbé ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ mọ́ra, ó ti rí i pé kì í géni jẹ, pé tí wọ́n bá pè é á sáré wá. Bí eku méjì ṣe wọ ilé wa ní Leeds, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nìyẹn. Kò pẹ́ tó fi jẹ́ pé èmi gan-an ni mò ń sáré darí láti ibi iṣẹ́ kí n lè bọ́ wọn.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ èyí: eku tí à ń sìn yìí kì í ṣe òkété, kì í sì í ṣe ẹmọ́ tí a ń jẹ lọ́bẹ̀. Rattus norvegicus ni, eku ńlá inú gọ́tà àwọn òyìnbó. Jack Black, apeku Ọbabìnrin Victoria, ni ìtàn máa ń dárúkọ: tó bá mú èyí tí àwọ̀ rẹ̀ ṣàjèjì, kì í pa á, ṣe ló ń kó o pamọ́, á mú un bímọ, á tà á. Ní 1901, Mary Douglas, obìnrin tó ń sin eku, bẹ National Mouse Club, ẹgbẹ́ àwọn tó ń sin eku kékeré, títí wọ́n fi gba eku láàyè níbi ìdíje wọn ní Aylesbury. National Fancy Rat Society, ẹgbẹ́ àwọn tó ń sin irú eku ńlá yìí, tó wà di òní, 1976 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Mo fẹ́ràn apeku yẹn. Kò dá àwọ̀ kankan fúnra rẹ̀. Ó ti wà nínú eku tẹ́lẹ̀, òun ló kàn mọ bí a ti í wá a jáde.

Ohun tí èmi ń wá nìyí. Eku Siamese: ara rẹ̀ dà bíi tíì tí mílíìkì pọ̀ nínú rẹ̀, imú, etí, ẹsẹ̀ àti ìdí ìrù ṣókùnkùn. Dumbo: etí rẹ̀ tóbi, ó rí róbótó, ẹ̀gbẹ́ orí ló wà dípò òkè, bí ẹni pé eku náà dé fìlà abetí-ajá. Abetí ni a ń pè é nílé wa. Èyí kò ṣòro láti rà, ìyẹn náà kò ṣòro. Méjèèjì lára eku kan ṣoṣo, tí mímí rẹ̀ dára, tí kì í sì í bínú, ni mi ò rí rà nítòsí. Mo ní màá wá a fúnra mi.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyí. Eku kọ̀ọ̀kan ní jíìnì, ìyẹn ohun àjogúnbá tó ń pinnu àwọ̀ àti ìrísí, méjì-méjì fún nǹkan kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Onítìjú ni jíìnì Siamese. Tó bá bá jíìnì àwọ̀ kíkún pàdé, á sá wọ yàrá, eku á dúdú kirikiri. Àfi tó bá jẹ́ méjì ló wà níbẹ̀ ni yóò tó yọjú. Bẹ́ẹ̀ náà ni jíìnì etí dumbo. Tí mo bá mú Siamese elétí lásán pọ̀ mọ́ dumbo dúdú, gbogbo ọmọ á dúdú, etí wọn á wà lókè bíi ti eku yòókù. Tí ẹ bá wo ojú nìkan, ẹ ó ní òfo ni. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló gbé méjèèjì sínú. Tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ méjì bá wá pàdé, ọ̀kan nínú mẹ́rin á jẹ́ Siamese, ọ̀kan nínú mẹ́rin á jẹ́ abetí, ọ̀kan nínú 16 á jẹ́ méjèèjì. Eku sì máa ń bí tó mẹ́jọ sí mẹ́rìnlá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìyẹn ni pé mo lè rí i, mo sì lè má rí i.

Mo ra Ìyálóde, abo Siamese, ọmọ oṣù mẹ́rin. Mo ra Adúmáadán, akọ dumbo dúdú, ọmọ oṣù márùn-ún, tí irun rẹ̀ ń dán bíi bàtà tuntun. Àwọn méjèèjì kò tan ara wọn rárá. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi yà wọ́n sọ́tọ̀ sí yàrá mìíràn, mo sì ń pààrọ̀ ẹ̀wù kí n tó kúrò lọ́dọ̀ wọn. Àìsàn àyà ni ikú eku. Kòkòrò àrùn Mycoplasma wà lára ọ̀pọ̀ eku ilé, ó kàn ń dúró de ọjọ́ tí ara wọn bá rẹ̀ ni. Lálaalẹ́ ni mo ń gbé wọn sétí bí ẹni ń gba fóònù, tí mò ń fetí sí mímí wọn. Tó bá ń dún fín-ín-fín-ín, iṣẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn. Kò dún.

Oṣù Kọkànlá 2022

Kéèjì ti dúró. Bébà gígé àti páálí ni mo tẹ́ sí i. N kì í lo ìyẹ̀fun igi páìnì, òórùn rẹ̀ máa ń ba àyà wọn jẹ́. Oúnjẹ: ọkà lóríṣiríṣi, ẹyin sísè lọ́sẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ewébẹ̀. Wọ́n á ṣa ohun tó wù wọ́n, wọ́n á da ìyókù sílẹ̀. Bí èkúté ò bá lè jẹ sèsé, á fi ṣe àwàdànù, wọ́n ní òwe ni. Nílé wa, iṣẹ́ gbígbálẹ̀ àràárọ̀ ni.

Ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin sí márùn-ún-márùn-ún ni abo eku máa ń gba akọ, alẹ́ ni ó sì sábà máa ń jẹ́. Ní alẹ́ ọjọ́ kẹrìndínlógún, mo fi ìka fọwọ́ kan ẹ̀yìn Ìyálóde, ó dúró gan-an, ó gbé ìdí sókè, etí rẹ̀ sì ń gbọ̀n rìrì bíi ti ewé tí atẹ́gùn fẹ́. Mo gbé e lọ bá Adúmáadán. Mo yọ akọ kúrò lọ́jọ́ kejì. Ẹ má fi akọ sílẹ̀ títí abo á fi bímọ o: láàárín ọjọ́ kan tó bí, ó lè tún lóyún.

Oṣù Kejìlá 2022

Ọjọ́ kẹjọ, ọjọ́ kejìlélógún sí ọjọ́ tí akọ gùn ún. Ọmọ mẹ́wàá. Ọmọ eku tuntun kò nírun, awọ rẹ̀ fẹ́lẹ́ débi pé ẹ ó máa rí mílíìkì funfun nínú ikùn rẹ̀. Ojú wọn di, ṣùgbọ́n ẹ lè rí àwọ̀ ojú náà lábẹ́ awọ. Tó bá ṣókùnkùn bíi kóró ìbẹ́pẹ, ọmọ náà á dúdú.

Mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù, mo kà á. Mẹ́fà ṣókùnkùn. Mẹ́rin, òfo, kò sí nǹkan kan lábẹ́ awọ.

Mo tún un kà. Mẹ́rin náà ni. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò mi, kò yẹ kí ọ̀kan ṣoṣo wà. Adúmáadán tó dú tó bẹ́ẹ̀, nǹkan kan wà nínú rẹ̀ tí kò sọ fún mi.

Oṣù Kìíní 2023

Ohun méjì ló lè jẹ́. Bóyá Adúmáadán gbé jíìnì Siamese pamọ́, tí àwọn mẹ́rin yìí fi jẹ́ Siamese. Bóyá àfín ló gbé pamọ́. Jíìnì àfín àti jíìnì Siamese, àga kan náà ni wọ́n ń jìjàdù lé lórí. Tí ọ̀kan jẹ́ àfín tí èkejì jẹ́ Siamese, Himalayan ni wọ́n ń pe ọmọ náà: ara rẹ̀ á funfun báláú, imú àti ẹsẹ̀ nìkan ni yóò ní àwọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, wọ́n jọra wọn pátápátá. Àfi kí n dúró.

Bí mo ṣe ń dúró ni ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná bàjẹ́ nínú òtútù oṣù yìí, ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni a fi wọ kóòtù nínú ilé. Mo gbé ìgò omi gbígbóná tí mo fi aṣọ wé sábẹ́ kéèjì nítorí àwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Ìyálóde: nígbà tó pààrọ̀ irun lẹ́yìn náà, imú rẹ̀ dú sí i, dúdú náà gòkè dé abẹ́ ojú. Ohun tó ń ṣe àwọ̀ dúdú lára wọn kì í ṣiṣẹ́ níbi tí ara bá gbóná, ibi tó tutù nìkan ló ti ń ṣiṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí imú, etí, ẹsẹ̀ àti ìrù fi ń dú. Mo ti kà á rí. Ó yàtọ̀ kí èèyàn rí i nínú ilé ara rẹ̀, tòun ti gbèsè ẹni tó tún ẹ̀rọ ṣe.

Ọ̀sẹ̀ keje: àwọn mẹ́rin náà funfun. Himalayan ni wọ́n. Mo pe ẹni tó ta Adúmáadán fún mi. Ó ní, "Háà, òótọ́ ni, ìyá ìyá rẹ̀ àfín ni." Kò kọ ọ́ sínú ìwé tó fún mi. Láti ọjọ́ náà, n kì í ra eku tí wọn ò lè sọ ìran mẹ́ta rẹ̀ fún mi.

Ìyá mi pè lórí WhatsApp ní ọ̀sẹ̀ yìí kan náà, ó rí kéèjì lẹ́yìn mi. "Ṣé eku lo ń sìn jẹ ni?" Mo ní a kì í jẹ ẹ́. "Ṣé ẹ ó fi rúbọ ni?" Mo ní rárá, mà. Mo bá sọ ìtàn Magawa fún wọn, òkété Tanzania tó fi imú wá bọ́ǹbù inú ilẹ̀ ní Cambodia nígbà ayé rẹ̀, tí wọ́n fún ní àmì ẹ̀yẹ góòlù níbí ní 2020. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Òkété tó bá Ifá mulẹ̀, tó da Ifá, òun náà ni wọ́n fún ní góòlù." Mi ò rí èsì fọ̀.

Oṣù Karùn-ún 2023

Ìṣirò tuntun. Mo mú abo Himalayan kan tí a ń pè ní Ẹfun, mo mú àbúrò rẹ̀ ọkùnrin dúdú. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni wọ́n, mo mọ̀, mo sì ń sọ ọ́ ní gbangba nítorí àwọn kan máa ń fi pamọ́. Kò sí ọ̀nà mìíràn tó yá tí a lè gbà mọ ohun tó sápamọ́ nínú wọn. Ṣùgbọ́n èyí tí àyà rẹ̀ dún rí, tàbí tó bu ọmọ mi jẹ rí, n kì í mú un bímọ, ì báà dára bí iyùn. Kí wọ́n tó pàdé, mo ti ní orúkọ èèyàn mẹ́fà tó fẹ́ gba ọmọ, méjì-méjì, nítorí eku kì í dá gbé.

Ní oṣù yìí náà ni ẹnì kan fi ọmọ eku kan lọ̀ mí, ojú kan pupa, ojú kan dúdú, ìlà funfun gbòòrò níwájú orí. Ó rẹwà, kí n má purọ́. Mi ò gbà á. Nínú ìran àwọn onífunfun orí bẹ́ẹ̀, àwọn kan wà tí ìfun wọn kì í ṣiṣẹ́, ọmọ á máa wú títí á fi kú. Ẹnì kan tún ní kí n wá ra aláìnírù. Eku ń fi ìrù gbé ara ró tó bá ń gun nǹkan, ó sì fi ń tu ara nígbà ooru. Kí ló dé tí màá gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀ torí kí àwọn èèyàn lè yà á ní fọ́tò?

Oṣù Kẹfà 2023

Ọjọ́ kejì oṣù. Ọmọ méjìlá. Nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ kan, mo ti mọ àwọn abetí: mẹ́ta.

Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n. Mo ka ọmọ láàárọ̀, ó jẹ́ mẹ́sàn-án. Mo tú gbogbo bébà, mẹ́sàn-án. Àlàfo àárín irin kéèjì yẹn, ìka mi kò lè wọ ibẹ̀ tán, ṣùgbọ́n ibi tí orí eku bá ti gbà, ara rẹ̀ á gbà. A wá abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, a wá ẹ̀yìn ẹ̀rọ ìfọṣọ, a rí ọ̀kan níbẹ̀. Ìyàwó mi ló ké láti ilé ìdáná. Ó ti ṣí àpò gaàrí Ìjẹ̀bú tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i láti ilé. Ipa ẹsẹ̀ wà lórí gaàrí náà, tín-tìn-tín, ó tò lọ bí ẹni fi abẹ́rẹ́ kọ̀wé, ó yí po lẹ́ẹ̀mejì. Ní igun àpò, ọmọ eku méjì sùn lé ara wọn lórí, gaàrí funfun lára irun imú wọn, ikùn yọ gbẹ̀ndu.

Mo ra gaàrí mìíràn. Mo fi nẹ́ẹ̀tì onírin tí ihò rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ bo gbogbo ẹ̀gbẹ́ kéèjì, mo fi okùn oníke tí wọ́n fi ń di wáyà pọ̀ dì í mọ́ ibẹ̀. Wákàtí méjì ni iṣẹ́ ọ̀hún gbà. Ó yẹ kí n ti ṣe é kí a tó bímọ kankan. Ẹ gé etí nẹ́ẹ̀tì náà dọ́gba, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ sí ìta, ó lè ya ẹsẹ̀ wọn.

Oṣù Keje 2023

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún, mo ya akọ kúrò lára abo. Àwọ̀ ti hàn: méje dúdú, mẹ́ta Himalayan, Siamese méjì. Abetí mẹ́ta: méjì nínú wọn dúdú, ọ̀kan Himalayan. Àwọn Siamese méjèèjì, etí wọn wà lókè.

Èyí tí mò ń wá kò sí níbẹ̀. Ọmọ mi wò mí, ó ní, "Dádì, ẹ má bínú." Mi ò bínú. Mo wo ìwé, mo rí i pé ohun tó wà lọ́wọ́ mi dára ju ohun tí mo ní ní Oṣù Karùn-ún lọ fíìfíì. Abo Himalayan abetí yẹn, tí a sọ ní Abetí gan-an, jíìnì dumbo méjèèjì ló ní. Èyí tó kù ni Siamese akọ, tí ìyàwó mi sọ ní Tíì. Kò sí ẹni tó lè fi ojú mọ̀ bóyá ó gbé dumbo pamọ́. Àfín kan kò sí lára rẹ̀ mọ́. Nínú irú rẹ̀ mẹ́ta, méjì ló máa ń gbé e. Tó bá gbé e, kì í ṣe ọ̀kan nínú 16 mọ́, ọ̀kan nínú mẹ́rin ni.

Oṣù Kọkànlá 2023

Oṣù mẹ́rin ni mo fi ń rò ó. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò lẹ́ẹ̀kan, ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún jíìnì ọmọ ló lè jẹ́ ẹ̀dà kan náà lọ́wọ́ ọ̀tún àti lọ́wọ́ òsì. Tí a bá ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, ó di 37.5. Ibẹ̀ ni àìlera ti máa ń yọ. Mo pinnu pé ìkẹyìn nìyí, ẹnikẹ́ni tó bá tibẹ̀ jáde, ìdílé mìíràn ni yóò fẹ́. Alẹ́ ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n ni mo gbé Abetí lọ bá Tíì.

Oṣù Kejìlá 2023

Ogúnjọ́ oṣù. Ọmọ mẹ́jọ, kò sí ojú dúdú kankan, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe retí. Ọ̀kan kéré jù, mílíìkì kò hàn nínú ikùn rẹ̀. Mo gbé àwọn ńlá mẹ́ta kúrò fún wákàtí kan lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ kí ó lè ráyè mu ọmú. Ọjọ́ kẹta, ó kú. Ọmọ mi sin ín sínú ìkòkò òdòdó.

Ọjọ́ kẹsàn-án: mo gbé wọn sórí àtẹ́lẹwọ́, mo fi ojú wò wọ́n láti iwájú. Ọ̀kan, etí òkè. Ọ̀kan, etí òkè. Ẹ̀kẹta, etí ti jábọ́ sí ẹ̀gbẹ́. Tíì gbé e! Gbogbo wọn pa pọ̀, abetí mẹ́ta. Mo fi bírò aláwọ̀ aró kán kókó sí ìrù wọn, ọ̀kan, méjì, mẹ́ta.

Oṣù Kejì 2024

Ọjọ́ keje. Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni mo ti ń gbé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lé orí bébà funfun lójoojúmọ́ láti fi wé e. Oníkókó kan ń funfun sí i. Oníkókó mẹ́ta pẹ̀lú ń funfun. Oníkókó méjì kò funfun. Ẹ̀yìn rẹ̀ dúró sí àwọ̀ tíì, ìdí rẹ̀ pọ́n díẹ̀ bíi búrẹ́dì tó sún mọ́ iná, àmì dúdú sì ti jókòó sórí imú. Abo ni. Àkàndá ni a sọ ọ́.

Mo gbé e sétí, mo fetí sílẹ̀. Kò dún.

Ìyá mi pè ní Sátidé, mo gbé e síwájú kámẹ́rà. Wọ́n sún mọ́ fóònù títí mi ò fi rí nǹkan kan mọ́ bí kò ṣe iwájú orí wọn. "Etí wo lèyí? Fìlà bàbá ẹ ni eku yìí dé." Wọ́n ní kí n gbé e súnmọ́ dáadáa kí àwọn tún wò ó.

Ìwé àkọsílẹ̀ òní: abo, ọ̀sẹ̀ méje, 128 gíráàmù. Mímí dára. Kì í gé ni jẹ. Àmì imú dára, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn dára, ìdí ìrù kò tíì dú tó. Mo ti rí akọ dúdú kan ní York tí kò bá wọn tan, wọ́n sì ní ìran mẹ́rin rẹ̀ nínú ìwé. Oṣù Kẹfà ni màá tó bẹ̀rẹ̀ sí i rò ó. Gaàrí ti wà nínú agolo onídèrí.